Kòrónà ti lọ, èémí kò tíì padà: ìtọ́jú tó yẹ kó sún mọ́ ará Festac

Ẹni tó bá sọ pé kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀ kò kúkú parọ́ tán. Oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó kó o wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé àrùn náà kì í ṣe ti pàjáwìrì mọ́. Àmọ́ ó lọ tán, kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò lára àwọn kan. Kí irú wọn gun àtẹ̀gùn ilé alájà ní Festac, wọn yóò dúró mí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n tó dókè.

Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń ṣiṣẹ́ èémí. Iṣan pẹrẹsẹ kan wà láàrin àyà àti ikùn, àwọn mìíràn sì wà láàrin egungun ìhà. Bí àìsàn bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀ pẹ́, iṣan wọ̀nyí a máa rọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ. Wọ́n ṣeé kọ́ padà. Ohun èlò kékeré kan ni aláìsàn yóò fi sẹ́nu, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé gba inú rẹ̀ tipátipá. Fífà ni o, kì í ṣe fífẹ́ bíi fèrè ọmọdé.

Ní Wales, wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ènìyàn 281 ló kópa, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2022. Mímí rọ àwọn tó ṣe é lọ́rùn ju àwọn tí kò ṣe é lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbé ayé wọn lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ilé ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí yóò kọ́ni lọ́nà rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló ṣòro. Àwọn tó ń fi ìdárayá wo aláìsàn wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń yà sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìnáwó ńlá kọ́ nìyẹn fún ìjọba. Ó sì pọn dandan, nítorí ẹni tó jẹ́ pé bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ lónìí, kò ní lè dìde lọ́la, kò gbọdọ̀ dá a ṣe.

Ẹni tó bá sì ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìlú tàbí ní abúlé, àyẹ̀wò ikọ́ ife ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.