Àjogúnbá ta ni rọ́ọ̀mù?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wo ara ìgò rọ́ọ̀mù Mount Gay ti Barbados. Wọ́n kọ 1703 síbẹ̀, wọ́n ní àjogúnbá ni. Ó dáa. Àjogúnbá ta ni?

2/ Omi dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ṣúgà lára ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe é. Á kan, wọ́n á wá sè é bí ògógóró. Ta ló gé ìrèké? Ta ló dúró ti iná? Ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni. 1834 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú débẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọdún 131!

3/ Ní Kúbà, àwọn èèyàn tiwa wà nínú wọn. Títí dòní, àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń fẹnu fọ́n rọ́ọ̀mù sí Ẹlẹ́gbára àti Ògún.

4/ Lọ́dún 2022, UNESCO ka ìmọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń ṣe rọ́ọ̀mù ní Kúbà mọ́ àjogúnbá aráyé. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ tí ààyè bá wà fún ọdún lára ìgò, ààyè wà fún àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Bí a ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n wà.