Igbá Mẹ́ta, Ẹyọ Owó Kan

Ká ní ọlọ́jà kan ní Atakpamé dojú igbá mẹ́ta délẹ̀, tí ó fi 100 faransì pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan. Oníbàárà yan igbá kan. Ọlọ́jà, ẹni tí ó mọ ibi tí owó wà, wá ṣí òfìfo kan nínú méjì yòókù, ó ní: “Ṣé ẹ ó pààrọ̀?”

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀, nítorí igbá méjì ló kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìgbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni igbá àkọ́yàn máa ń ṣófo. Nígbà náà, abẹ́ èyí tí ọlọ́jà kò ṣí ni owó wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ni yóò sábà jẹ.

Nígbà tí Marilyn vos Savant kọ èyí sínú ìwé ìròyìn Parade ní Amẹ́ríkà ní 1990, nǹkan bí 10,000 lẹ́tà ló gbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 nínú wọn tó wá láti ọwọ́ àwọn tó gboyè dókítà, púpọ̀ wọn sì ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Paul Erdős pàápàá, àgbà onímọ̀ ìṣirò, kò gbà títí kọ̀ǹpútà fi dán an wò lójú rẹ̀.

Ó yẹ kí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà dán eré yìí wò nígbà 30, kí wọ́n máa fi òkúta ka èsì rẹ̀. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́tàn pọ̀ lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tí oníbàárà bá yan ibi tí owó wà ni ọlọ́jà ń fi pípààrọ̀ lọ̀ ọ́, ẹni tó bá pààrọ̀ yóò pàdánù nígbà gbogbo.