Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Bí A Ti Lè Kó Àwọn Ọmọ Lọ Sí Ìsinmi Láìjẹ Gbèsè

Àkókò tí àwọn ọmọ yóò gba ìsinmi gbọọrọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè tí ó sì wà ní ẹnu wọn ní ilé púpọ̀ ni pé, "Bàbá, níbo ni a ó lọ?" Ọ̀pọ̀ bàbá ni ìbéèrè yìí ń bà lẹ́rù ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí wọ́n ti fi sí ọkàn pé bí kò bá ṣe ti ilé ìtura olówó gọbọi, kì í ṣe ìsinmi rárá. Ẹlòmíràn a sì yá owó ní oṣù kẹjọ láti fi ṣe fàájì. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá dé, tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìwé àti owó aṣọ yóò bá a ní ọwọ́ òfìfo. A ti rí ọmọ tí a dá padà láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó tí àwọn òbí rẹ̀ ti ná tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ojú sì ti ọmọ náà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn tí a ní fún irú ilé bẹ́ẹ̀ kò le. Kí a kọ́kọ́ ya owó ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí ó bá kù ni owó ìsinmi, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹni tí ó bá ti ń dá èsúsú láti oṣù kìíní yóò rí i pé ẹrù náà fúyẹ́. Nínú owó ìsinmi yìí pàápàá, kí a mú ìdá kan nínú mẹ́rin pamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọdé kì í dá ọjọ́ àìsàn, mọ́tò kì í sì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ó tó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó béèrè ibi tí a ó lọ.

Ibi tí ó dára jù lọ, lójú tiwa, ni ibi tí a ní ènìyàn sí, tí a sì lè dé láàárín ìdajì ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ní Èkó, tí ó ní ọmọ mẹ́rin, tí ìyá àgbà wọn sì ń gbé ní Abẹ́òkúta. Kí ni irú ilé bẹ́ẹ̀ tún ń wá kiri? Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, kìlómítà 157 ni gbogbo ọ̀nà náà, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Àwọn baba ńlá wa náà mọ ọ̀nà yìí dáadáa, nítorí ní ọdún 1901 ni rélùwéè àtijọ́ gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọmọdé lè dìde na ẹsẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níbẹ̀, èyí tí ìyá ọmọ kékeré yóò dúpẹ́ fún. Kí bàbá wádìí àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nítorí wọn a máa yí i padà, kí ó sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó rántí pẹ̀lú pé Ládèrin ni ibùdókọ̀ náà wà, kì í ṣe àárín ìlú, nítorí náà kí ó ṣírò owó takisí mọ́ ọn, kí ó sì ná an kí ẹrù tó wọ inú ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí a sọ fún àwọn ọmọ. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọdékùnrin ará Òṣogùn, ní ẹrú, a sì yà á kúrò lára ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ni ó di Samuel Ajayi Crowther, bíṣọ́ọ̀bù wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlá tún fi ojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kò ní í jókòó sí igun ilé kí ó máa tẹ fóònù.

Nípa ibùsùn àti oúnjẹ, àwọn ẹlòmíràn a máa rò pé nítorí pé ilé ẹbí ni, ọ̀fẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà tí ó ṣàdédé wọ ilé arúgbó jẹ́ ẹrù wíwúwo. Kí a ránṣẹ́ síwájú, kí a béèrè ọjọ́ tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí a má sì dúró ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Kí a kó ìrẹsì, epo, ọṣẹ, ẹní àti àpò ẹ̀fọn dání. Owó oúnjẹ, ọjọ́ tí a bá dé ni kí a fi lé ìyá lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a ń lọ, nígbà tí ó ti yá owó lọ́dọ̀ aládùúgbò láti fi ṣe wá lálejò. Àwọn ìyá àgbà wa kì í sọ irú èyí jáde. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi èdè wa kí ènìyàn nílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ó dun ni láti rí ìyá arúgbó tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò òyìnbó, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá ara wọn sọ.

A fẹ́ bá ẹ̀yin bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìsinmi tí ìyá fi wà ní ìdí àdògán láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ìsinmi ta ni? Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Èkó náà ni yóò ṣe ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú omi tí ó jìnnà síi, ó sàn kí ó jókòó sí ilé rẹ̀. Kí bàbá àti àwọn ọmọkùnrin ńlá fọ àwo kí wọ́n sì pọn omi. Kí a ra oúnjẹ ọ̀sán jẹ ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Làfún àti ìrẹsì Ọ̀fàdà wà ní ìlú náà, wọn kò sì wọ́n bí oúnjẹ ilé ìtura.

Ìrìn kan ṣoṣo ni kí a rìn ní ọjọ́ kan. Òbí tí ó fẹ́ rí ohun gbogbo ní ọjọ́ kan yóò fi ẹkún ọmọ àti ìbínú ara rẹ̀ parí rẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a gun òkè Olúmọ, kí oòrùn tó mú. Òjò a máa dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rọ̀ ní òru, òkúta a máa yọ̀, kí a sì dì í di ọjọ́ kejì. Àwọn kan nínú ìjọ a máa bẹ̀rù láti kó ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí ojúbọ tí ó wà lára òkúta náà. Àwa kò rí ewu nínú rẹ̀. Kí a sọ òtítọ́ fún ọmọ: abẹ́ òkúta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí wọ́n sì tẹ ìlú dó ní ọdún 1830, èyí ni ohun tí àwọn baba wa gbàgbọ́ nígbà náà, èyí sì ni ohun tí a gbàgbọ́ nísinsìnyí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Ìtọ̀kú, níbi tí a ti ń ta àdìrẹ. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó díẹ̀ tí yóò ná bí ó ti fẹ́. Bí ó bá tán, ó tán, kí ìyá má fi kún un. Ní ọjọ́ ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà ní Aké.

Màríà àti Jósẹ́fù pàápàá rìn ní odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé Jésù kò sí láàárín àwọn ará ilé tí ń padà láti Jerúsálẹ́mù. Olúkúlùkù rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a fi ọmọ kékeré kọ̀ọ̀kan lé àgbà kan lọ́wọ́ ní orúkọ, kí a sì kọ nọ́ńbà fóònù bàbá sí ìwé pélébé nínú àpò rẹ̀.

Bí inú bá ń ṣu ọmọ, kí a po omi iyọ̀ òun ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré péré. Kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá sì ká owó ọkọ̀ ní ọdún yìí, kí ó má ṣe banújẹ́. Ará Èkó lè jí lọ sí Àgbádárìgì kí ó sì padà ní alẹ́, kí ó fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní ọdún 1845 han àwọn ọmọ. Ará Ìbàdàn ní ọgbà ẹranko ti Yunifásítì àti ọgbà Àgọ́dì.

Kí a padà sí ilé ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí a lè fọ aṣọ kí ọmọ sì sùn dáadáa. Kí a sì ti fi gàrí àti ẹ̀wà sílẹ̀ nínú ilé kí a tó lọ, nítorí alẹ́ ọjọ́ tí a bá dé kì í ṣe alẹ́ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni rán ìyá lọ sí ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àti bí a ti lè tú ti ẹ̀gbọ́n rán fún àbúrò.