Agbálẹ̀, Ìgbálẹ̀, Gbígbálẹ̀: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Àfòmọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀

Láti ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ṣí Èbúté Olómi Jíjìn ti Lẹ́kkí, ni ojú àwọn oníṣòwò ayé ti yí sí etíkun Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ sí ilẹ̀ apẹja àti ilẹ̀ igi àgbọn, tí àwọn àgbàlagbà sì ń rántí pé ibẹ̀ ni ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1962, nígbà tí wọn kò fẹ́ kí ó rìn káàkiri. Àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tí omi Àpápá kò gbà ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lónìí, nítorí pé omi náà jìn tó mítà 16.5, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́, sì wà ní àdúgbò kan náà. Òbí tí ó bá ń gbé ní Akodo tàbí ní Ajah, tí ó sì ní ọmọ ní kíláàsì kejì tàbí ẹ̀kẹta, kò lè ṣàì máa rò ó lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ òun yóò gba ẹnu ọ̀nà èbúté náà wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún irú òbí bẹ́ẹ̀, àti fún olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀, kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ní ìdí: bí a bá fẹ́ kí ọmọ náà mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi ìparí ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ kúrò ní ìsọ̀rí kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi hàn án bí èdè tirẹ̀ ṣe ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà. Irú ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àfòmọ́.

Ẹ wo orúkọ èbúté náà gan-an. “Jìn” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. A pe kọ́nsónáǹtì rẹ̀ ní àpètúnpè, ó di “jíjìn”, ó sì lè máa yán “omi” láti ìgbà náà lọ. “Jinlẹ̀” náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. A fi “ì” síwájú rẹ̀, ó di “ìjìnlẹ̀”, ó sì di ọ̀rọ̀-orúkọ. “Omi” gba “oní” síwájú, “oní” pa ohùn dà, ó di “olómi”. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí a bí sí etí òkun yẹn ń sọ irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìṣì í, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ, ó sì lè ṣẹ̀dá òmíràn tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, a óò ṣe bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀nà tí ó ti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo rí ìwé ọmọ kíláàsì kẹta kan, níbi tí ó ti da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó: “teach, teacher, drive, driver, sing, singer”, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ojú ìwé fi kún. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìbéèrè wà, pé kí ni orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ “cook”? Ọmọ náà kọ “cooker”. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé e, kò sì kọ àlàyé kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn kò purọ́, kò sì gọ̀. Òfin tí a fún un ni ó lò, ó lò ó bí ó ti tọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti mú “cooker” fún ohun tí a fi ń dáná, tí ó sì fi alásè sílẹ̀ láìfi nǹkan kan kún orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ṣe irú àṣìṣe yẹn nínú èdè ìyá rẹ̀, àwa kò sì fi ohun tí ó mọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a ní kí ó fi ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó jáde, báwo ni yóò ṣe yẹ ẹ́ lóde?

Ní gbogbo òwúrọ̀, kí agogo tó lù, àwọn ọmọ wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń gbálẹ̀ kíláàsì. Kí olùkọ́ dúró láàárín wọn, kí ó bi wọ́n pé, “Ẹni tí ń gbálẹ̀, kí ni à ń pè é?” Wọn yóò dáhùn pé, “Agbálẹ̀.” “Ohun tí ó fi ń gbálẹ̀ ńkọ́?” “Ìgbálẹ̀.” “Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?” “Gbígbálẹ̀.” “Bí ẹ kò bá wá ṣe é?” Ẹni tí ó bá lójú nínú wọn yóò ní, “Àìgbálẹ̀.” Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́rin ti jáde, ọ̀kan fún ènìyàn, ọ̀kan fún ohun èlò, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ṣíṣàìṣe iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dárúkọ àfòmọ́, a kò tíì dárúkọ mọ́fíìmù, a kò sì tíì kọ nǹkan kan sójú pátákó. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ wá dán wọn wò ní ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Kí ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn “Mo rí”. “Mo rí agbálẹ̀” dára, “mo rí ìgbálẹ̀” dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dán “mo rí gbálẹ̀” wò, gbogbo kíláàsì yóò bú sẹ́rìn-ín. Kí ó sì yí i padà: “Bọ́lá gbálẹ̀” bá etí mu, “Bọ́lá agbálẹ̀” kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí odidi gbólóhùn. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kì í ṣe orúkọ tí a ń há sórí, àyè tí ọ̀rọ̀ lè dúró sí nínú gbólóhùn ni, ọmọ tí ó sì rẹ́rìn-ín ti mọ àyè náà.

Ọ̀nà kan náà ni a lè gbà kó wọn lọ sí etí omi. Ọkọ tí ó lọ pẹja jẹ́ apẹja, ìyàwó tí ó tà á jẹ́ ẹlẹ́ja. Ẹni tí ó tukọ̀ jẹ́ atukọ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ibodè lẹ́nu èbúté, tí àwọn ará ìlú ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, jẹ́ aṣọ́bodè. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n rí i pé “a” inú “apẹja” sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, nígbà tí “oní” tí ó fara sin sínú “ẹlẹ́ja” bá ọ̀rọ̀-orúkọ nílé, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Kì í ṣe gbogbo àfòmọ́ ni ń lé ọ̀rọ̀ kúrò ní ìsọ̀rí rẹ̀.

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì kọ tirẹ̀ ní 1978, ó sì tún wá fi odidi ìwé kan jin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Wọ́n ń jiyàn lórí pé a ní àfòmọ́ àárín tàbí a kò ní, àgbà méjì kò sì lè ṣàì jiyàn. Ṣùgbọ́n pé Yorùbá ń fi àfòmọ́ síwájú ọ̀rọ̀, tí kì í fi í sẹ́yìn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ibí ni ìdààmú ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun, iwájú rẹ̀ ni ó ń wò, nítorí pé iwájú ni èdè rẹ̀ ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ó rí “refine”, ó mọ̀ ọ́n. Ó dé ibi pátákó ilé-iṣẹ́ tí a kọ “refinery” sí, ó ka ìdajì, ó fi ìyókù sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún un pé ohun tí “ì” ń ṣe níwájú “ìfọpo”, irú rẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lẹ́yìn “refine”, ojú rẹ̀ ìbá ti là. Kí olùkọ́ sì má ṣe fi ibi tí èdè méjèèjì ti yà pamọ́ fún un: ọ̀rọ̀-ìṣe ni “dùn” lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni “sweet” lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyí tí ọmọ wa fi ń gbàgbé “is” nígbà tí ó bá fẹ́ sọ pé ọsàn dùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé nǹkan tí ó rọrùn fún ọmọ Òyìnbó ni a ń béèrè, kí ó gbọ́ ohun tí Jean Berko, onímọ̀ nípa èdè ọmọdé, rí ní Amẹ́ríkà, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1958. Ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, “zib”, ó sì bi àwọn ènìyàn léèrè orúkọ ọkùnrin tí ó fi “zib” ṣe iṣẹ́ ṣe. Àwọn àgbà dáhùn pé “zibber”. Nínú àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7, díẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn so “man” mọ́ ọn, wọ́n ní “zibman”. Àwọn tí èdè náà jẹ́ ti ìyá wọn nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí méjì, Terezinha Nunes àti Peter Bryant, ti fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 pé nígbà tí a bá la ẹ̀yà ọ̀rọ̀ yé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìkọ̀wé wọn ń gún régé sí i. Èyí tí í ṣe pé kíkọ́ ni mímọ̀, kódà fún ẹni tí ó ni ín.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé gbogbo ọmọ kíláàsì náà ni Yorùbá?” Òótọ́ ni pé iṣẹ́ èbúté ti kó onírúurú ẹ̀yà jọ sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n kì í sì í lé àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbò tí ó jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé “kwu” ni kí ènìyàn sọ̀rọ̀, “okwu” sì ni ọ̀rọ̀. Ọmọ Hausa mọ̀ pé “noma” ni iṣẹ́ oko, “manomi” sì ni àgbẹ̀. Àwọn náà ní àfòmọ́ níwájú ọ̀rọ̀ wọn. Kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ti ilé rẹ̀ wá sójú pátákó, òye gbogbo wọn yóò sì pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kán wa lójú lónìí ju ti àná lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ni ó ṣáájú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ láti ọdún kìíní dé ìkẹfà, tí a sì fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a sì yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó jọ èyí ní 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n lórí rẹ̀. Síbẹ̀ òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí ní 2018 ṣì ń bẹ, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Àkókò Yorùbá ṣì wà lórí tábìlì ètò ẹ̀kọ́. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ṣe ń fi í ṣeré tàbí tí wọ́n ń gbé e fún olùkọ́ ìṣirò láti fi parí iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ni ó yẹ kí àwọn òbí dìde sí.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó kò náni lówó púpọ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí a ń dá dúró de ilé-ẹ̀kọ́ girama, sọ̀kalẹ̀ sí kíláàsì kejì, ní ẹnu lásán, láìsí orúkọ ńláńlá tí ń dẹ́rù ba ọmọdé. Kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jókòó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí “apẹja” àti “agbálẹ̀” ti kọjá lẹ́nu àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú èyí tí “teacher” àti “driver” yóò fi dé ojú pátákó. Bí ọmọ kan bá sì kọ “cooker” lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ gbé bírò pupa sílẹ̀ ná, kí ó bi í bóyá ohun tí ó ní lọ́kàn jọ agbálẹ̀ ni, tàbí ó jọ ìgbálẹ̀.