Olùrànlọ́wọ́ Kì Í Ṣe Ẹrú

 

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí púpọ̀ nínú àwa tí à ń kọ́ nípa ìlera ní Britain bá gboyè tán, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ń wò: kí wọ́n tún kàwé di ọ̀mọ̀wé, tàbí kí wọ́n lọ máa tọ́jú arúgbó kí owó ilé lè pé. Bí ẹnì kan bá dárúkọ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú ìwádìí ní yunifásítì, wọn a yínmú: "Ṣé kí n wá máa fọ ìgò fún ọ̀jọ̀gbọ́n ni?"

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń wá owó ìwádìí, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, òun ló ń to àkọsílẹ̀, òun náà ló ń lọ bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Vivien Thomas, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ó wọ iṣẹ́ yàrá ìwádìí ní 1930 láìní oyè kankan. Ipò agbálẹ̀ ni wọ́n fi owó rẹ̀ sí. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 1944, ní Johns Hopkins, ẹ̀yìn Dókítà Alfred Blalock ló dúró sí tó ń tọ́ ọ sọ́nà bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ kékeré kan tí àìsàn ọkàn ń bá jà. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àpilẹ̀kọ tó jáde ní 1945. Ó di 1976 kí wọ́n tó fi oyè dá a lọ́lá níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n ń yìn lè yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ìgbà wo ni owó ìwádìí yìí yóò tán? Ṣé orúkọ mi yóò wà lórí àpilẹ̀kọ bí mo bá ṣe ipa tèmi? Ọjọ́ mélòó ni mo ní láti kọ́ ohun tuntun? Àdéhùn tí a tún ṣe ní 2019 fún àwọn olùṣèwádìí ilẹ̀ yìí ní kí ó tó ọjọ́ 10 lọ́dún, ó kéré tán.

Èmi fúnra mi lo oṣù 9 nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́ pé owó rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Èmi náà kò béèrè.

Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 2 ni ìjọba fi lélẹ̀ ní 2021 fún ẹni tó gboyè láti dúró ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó bá béèrè láti oṣù Kìíní 2027, oṣù 18 ni, àfi àwọn ọ̀mọ̀wé tí tiwọn jẹ́ ọdún 3.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa nìyí: kí àwọn tó ti wà nínú iṣẹ́ náà dìde ní ìpàdé wa, kí wọ́n bá àwọn àbúrò wo lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé àdéhùn. Ẹni tó ti gun igi rí ló mọ ẹ̀ka tó ti jẹrà. Ire o.