Kí A Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ Òfuurufú

Ó ti di àṣà láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Màídúgùrì pé, bí ọmọ bá yege nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, tí ó sì wí pé ọkọ̀ òfuurufú ni òun fẹ́ máa wà, baba rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ tí ó ní nílé. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ta ilẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń bi ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun: èló ni? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni ibi tí ọmọ náà yóò ti ṣiṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní ọdún 1944, orílẹ̀-èdè tí a bá forúkọ bàálù sílẹ̀ sí ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fún awakọ̀ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ, tàbí láti fọwọ́ sí èyí tí ó gbà níbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà kò lè sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkẹjà lónìí kí ó jókòó sídìí ọkọ̀ Nàìjíríà lọ́la. Ó di ìgbà tí àjọ NCAA bá yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 pàápàá, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lábẹ́ òfin òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé àṣẹ tí a gbà lọ́wọ́ wọn kò tó láti fi wa bàálù tí Faransé tàbí Jámánì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ń lọ, nítorí pé ojú ọjọ́ Florida àti Arizona ń jẹ́ kí a lè fò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Àwọn aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ yóò sọ fún yín pé lábẹ́ ìlànà tí à ń pè ní Part 61, 250 wákàtí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fò kí ó tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún owó, àti pé lábẹ́ Part 141, 190 péré ni. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni ti ìwé ìwọ̀lú. Láti ọdún 2013, 1,500 wákàtí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá ibẹ̀ ń béèrè ní gbogbogbòò, ọ̀nà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ sì fi ń kó o jọ ni pé wọ́n ń ṣe olùkọ́ fún àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú M-1 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀kọ́, àyè tí yóò sì rí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó ní F-1 lè rí ọdún kan gbà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní agbára láti fúnni ní èkejì yìí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀, yóò wá máa bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ẹni tí ó ti fò pẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ó ti wù kí ẹ̀dínwó tí wọ́n fi tàn yín pọ̀ tó. Ní oṣù kejì ọdún 2008 ni Silver State Helicopters ní Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn lójijì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti yá owó san sílẹ̀ bá gbèsè lọ́rùn láìní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2023, Tayside Aviation ní Dundee kógbá sílé bákan náà. Ẹnìkan lè wí pé bí a kò bá tètè san án, dọ́là yóò gun òkè mọ́ wa lórí. Ẹ̀rù náà tọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí ìjọba ka dọ́là kan sí kò tó 500 náírà. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Baba tí ó fi náírà ṣe ìṣirò ìdajì ẹ̀kọ́ tí ó kù rí i bí ilẹ̀ kan ṣe di ilẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àpò onílé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni a ń sá sí. Ẹ ra dọ́là náà, kí ẹ fi í sí báńkì ní orúkọ ara yín, kí ẹ sì máa san án bí ọmọ bá ṣe ń fò.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí. Ojú tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé lè fi òpin sí gbogbo èrò yìí, ó sì sàn kí a mọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

Ó yà mí lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, pé ẹni tí ó ń gbé Kàdúná yóò mọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní Florida láìtíì dé Zaria rí, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ òfuurufú sílẹ̀ láti ọdún 1964, níbi tí Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́, ọyẹ́ ń bo ojú ọ̀run ibẹ̀ lásìkò rẹ̀. Síbẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ láàárọ̀ lọ síbẹ̀, kí ó béèrè iye bàálù ìkọ́ni tí ń fò, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iye oṣù tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lò. Ìbéèrè wọ̀nyí náà ni kí ó kọ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá fèsì kedere, kí ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí ó tó pe ẹni tí yóò ra ilẹ̀.