Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Ẹ̀yìnkùlé ní Ìgbà Òtútù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà ni ó ti di onílé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ra ilé tí ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú agbada ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní spa. Ohun ìgbádùn ni ní ìgbà ooru. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ tí omi kì í dì, bí kò ṣe nínú fíríísà, kò ní rò ó pé omi tí òun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní oṣù keje lè fọ́ irin àti páìpù òun ní oṣù kìíní. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, àti nítorí àwọn ìyá tí ń rékọjá òkun lọ bá wọn tọ́jú ọmọ.

Kò sí ìyàwó ilé tí kò tí ì rí ìgò tí a rọ omi kún, tí a gbàgbé sínú fíríísà, tí ó sì là. Bí òtútù bá dé ìwọ̀n 32 ti Fahrenheit, èyí tí í ṣe 0 ti Celsius, omi a dì, a sì wú tó ìdá 9 nínú 100. Omi tí ó wà lójú adágún rí àyè wú sókè. Èyí tí a sé mọ́ inú páìpù, inú pọ́ǹpù, àti inú ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kò rí ibi kan lọ, nítorí náà a fọ́ ilé tí ó wà. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ti páìpù ni ju ti adágún lọ.

Àṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn wí pé, níwọ̀n bí omi ti jẹ́ ọ̀tá, kí a gbọ́n gbogbo rẹ̀ dànù. Omi wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ adágún náà pẹ̀lú, ìwúwo omi tí ó wà nínú adágún sì ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá gbọ́n ọn tán, omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè bí ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì sán. Kìkì pé kí a dín omi náà kù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹnu ihò ara ògiri tí ń fa ewé àti kòkòrò ojú omi ni, bí ẹni tí ó ṣe ìbòrí bá ti là á sílẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ bí Illinois àti Maryland, òpin oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá ni àkókò rẹ̀ sábà ń jẹ́. Kí a dúró títí omi yóò fi tutù tó ìwọ̀n 60 ti Fahrenheit, nítorí ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀, tí ń hù nínú omi adágún, kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nínú omi tútù. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí a kó ewé kúrò, kí a fọ ògiri, kí a wọn pH omi náà kí ó wà láàrin 7.2 àti 7.6, kí a sì da chlorine sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A kìlọ̀ gidigidi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ po oríṣi chlorine méjì pọ̀ nínú garawa kan, tàbí kí ó pò ó mọ́ ásíìdì. Iná lè là, tàbí kí èéfín olóró jáde.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an. Kí a kọ́kọ́ pa iná mànàmáná tí ó lọ sí ibi ẹ̀rọ. Kí a tú àwọn ìdérí kéékèèké tí ó wà ní ìdí pọ́ǹpù, asẹ́ àti ẹ̀rọ amómigbóná, kí omi inú wọn ṣàn jáde. Kí a sì kó àwọn ìdérí náà sínú agbọ̀n inú pọ́ǹpù, kí a má baà máa wá wọn kiri nígbà tí ooru bá padà. Lẹ́yìn náà kí a fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ipá. Omi yóò máa hó ní ẹnu ihò tí ó ń gbà padà sínú adágún; bí ó bá ti ku atẹ́gùn nìkan, kí a fi èdídí rọ́bà dí i nígbà tí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́. Ti ihò ìsàlẹ̀ adágún yàtọ̀. Nígbà tí a bá rí i tí omi ń hó láti ìsàlẹ̀ wá, kí a ti fáàfù rẹ̀ lójú kan náà. Atẹ́gùn tí a sé mọ́ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi padà wọlé.

Àwọn kan a tún da oògùn adènà-dídì sínú páìpù. Èyí tí a fi propylene glycol ṣe, tí a ń tà fún adágún, ni kí a rà. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sábà ní ethylene glycol, dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ènìyàn àti ajá.

Spa gba sùúrù ju adágún lọ, nítorí ihò tóóró rẹ̀ pọ̀. Kí a pa iná rẹ̀, kí a gbọ́n ọn gbẹ, kí a fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kí a sì tú ibi tí páìpù gbé so mọ́ pọ́ǹpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa lò ó nínú òtútù lè jẹ́ kí ó máa gbóná lọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé iná mànàmáná ni òun gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn ará wa tí ó pọ̀ ní Houston lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ẹni tí òjò bá bá ni òjò ń pa. Lọ́hùn-ún, a kì í ti adágún pa. Nígbà tí òtútù bá mú, pọ́ǹpù ni a ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, nítorí omi tí ń ṣàn kì í tètè dì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle dé Texas, iná sì kú ní ibi tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ilé àti ilé iṣẹ́ lọ. Pọ́ǹpù dúró, omi dúró, páìpù àti asẹ́ sì là káàkiri. Ẹni tí iná bá kú mọ́ lọ́wọ́ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, kí ó lọ pa ojú iná ẹ̀rọ náà, kí pọ́ǹpù má baà ṣiṣẹ́ lórí òfo nígbà tí iná bá dé, kí ó sì tú gbogbo ìdérí ìdí ẹ̀rọ láti da omi inú wọn nù. Ọ̀sán ni kí a ti mọ ibi tí wọ́n wà, kì í ṣe òru.

Ní ti sísan owó fún oníṣẹ́, èrò wa ni pé ní ọdún kìíní, kí a pè é, kí a sì dúró tì í títí yóò fi parí. Ní ọdún kejì, kí baálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ìbòrí ni ó kù, èyí sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ní Amẹ́ríkà, rírì sómi ni ó ń pa àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 ju ohunkóhun mìíràn lọ. Aṣọ tí a nà sójú omi, tí a fi àpò omi tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí, ń dènà ewé. Kò lè gba ọmọ dúró. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, yóò rì, aṣọ náà yóò sì bò ó. Èyí tí a fi okùn líle so mọ́ irin tí a gbìn sílẹ̀ yíká ni ó lè ru ènìyàn. Òjò tí ó bá dúró lójú ìbòrí ni kí a máa fà kúrò, nítorí ọmọ lè kú sínú omi tí kò jìn. Bí òjò dídì bá sì bo gbogbo rẹ̀, ìyá tí ó ti ilé wá kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Kí a fi ọgbà yí adágún náà ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kí a sì mú ìyá rìn yíká rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ó bá dé.